Ẹlẹ́dẹ̀ Bàbá Ìyàwó Alvah

Níbi tiwa ní Vermont, ọkọ ìyàwó tuntun kì í bọ́ lọ́wọ́ ẹlẹ́dẹ̀. Ní ìpàdé ìlú oṣù Kẹta, òun la máa ń fi jẹ olùmú-ẹlẹ́dẹ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ tó bá jẹ oko olóko, kó mú un, kó tì í mọ́ ọgbà ìlú títí ẹni tó ni ín yóò fi san ohun tó bàjẹ́. Àwàdà lásán ni. Kò sẹ́ni tó ń mú ẹlẹ́dẹ̀ kankan.

Alvah Peaslee ti jagun ní Kúbà, ó ti di lọ́yà, ó sì ń múra àtidíje fún ipò aṣòfin ní oṣù Kẹsàn-án. Ọdún tó fẹ́ Thirza la pè é jáde. A rò pé yóò bínú, torí lọ́yà kì í fẹ́ kí wọ́n fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ó dìde, ó kí wa bíi ṣọ́jà, ó ní òun gbà. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Nígbà tó di oṣù Keje, abo ẹlẹ́dẹ̀ Zenas Dunklee já wọ ọgbà opó kan tó ń jẹ́ Almira, ó sì jẹ kábéèjì rẹ̀ tán pátápátá. Zenas yìí ni bàbá Thirza. Òun ló ni ilé ìlagi, ibi tó bá sì kọjú sí ni ìdajì ìlú ń dìbò sí. Almira ò ní ìbò kankan. Wọn ò tíì gba obìnrin láyè láti dìbò nígbà náà.

Alvah fi okùn fa ẹlẹ́dẹ̀ náà la àárín ìlú kọjá lọ́sàn-án gangan. Zenas sáré bá a.

"Alvah, àwàdà la fi ń ṣe o."

"Mo mọ̀, Bàbá. Àmọ́ kábéèjì Màmá Almira kì í ṣe àwàdà."

"Ìwọ tó o fẹ́ lọ ṣòfin! Ta lo rò pé ó máa dìbò fún ẹ?"

"Ẹ san kábéèjì, Bàbá, kẹ́ ẹ máa mú ẹlẹ́dẹ̀ yín lọ."

Zenas ò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Thirza ló ń gbé oúnjẹ lọ fún ẹlẹ́dẹ̀ nínú ọgbà ìlú, tó ń sunkún, tó sì ń bú àwọn méjèèjì. Nígbà tó yá, Zenas kó kábéèjì inú ọgbà tirẹ̀ fún Almira, ó sì mú ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀ relé. Gbogbo wa gbà pé Alvah ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ara rẹ̀.

Lọ́jọ́ ìbò, Zenas dìde nínú gbọ̀ngàn ìlú.

"Ọmọ yìí mú ẹlẹ́dẹ̀ èmi bàbá ìyàwó ẹ̀, tìtorí ẹni tí ò ní ìbò. Inú ṣì ń bí mi. Ṣùgbọ́n ta la tún fẹ́ rán lọ?"

Ó jókòó. Ìgbà yẹn ni Alvah, tí kò sunkún lójú ogun, bẹ̀rẹ̀ sí í nu ojú. Ó sì ṣòfin fún wa títí irun rẹ̀ fi funfun.