Olùkọ́ Tí Kò Fẹ́ Bá Mi Wí

Nígbà tí mo wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ní Warri lẹ́ni ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta, ìṣirò nìkan ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Òun ló lé mi kúrò ní ilé-ìwé gírámà. Olùkọ́ wa ìgbà yẹn fi mí sí ìjókòó ẹ̀yìn, kò sì pè mí síwájú pátákó títí ọdún fi parí. Ó ní òun ò lè fi àkókò òun ṣòfò lórí olódo. Mo gbà á gbọ́, mo lọ ń ta aṣọ ní Deco Road. Aṣọ tà, mo tọ́mọ yanjú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lára mi. Ìdí tí mo fi fẹ́ di olùkọ́ àwọn ọmọ kékeré nìyẹn, wọn ò sì ní gbà mí bí n ò bá yege nínú ìṣirò.

Àwọn ọmọ kíláàsì mi kẹ́ mi ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n á gba báàgì mi, wọ́n á nu àga fún mi. "Mummy, siddon for front, fan dey here."

Olùkọ́ ìṣirò wa ò ju àkọ́bí mi lọ. Ọmọ Ìjẹ̀bú bíi tèmi ni, Enerhen nítòsí Warri ni wọ́n bí i sí, wọ́n sì kọ́ ọ nílé dáadáa. Wàhálà ibẹ̀ gan-an nìyẹn. Bó bá ń pe àwọn ọmọ síwájú pátákó, tó wá kàn mí, á rẹ́rìn-ín, á tẹríba, á ní, "Ẹ sinmi, Mà," á sì pe ẹlòmíràn. Iṣẹ́ tí mo bá ṣì, "Ẹ kú iṣẹ́, Mà" ló máa kọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Mo gbádùn rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, n ò ní purọ́. Àfi ìgbà tí ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí mo ṣí ìwé mi, tí n ò mọ èyí tó tọ́ yàtọ̀ sí èyí tí kò tọ́. Abẹ́ fáànù ni mo wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìjókòó ẹ̀yìn náà ni.

Ẹni tó bá bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Mo lọ bá a ní ọ́fíìsì, mo kúnlẹ̀ bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń kúnlẹ̀ fún olùkọ́. Kí n tó la ẹnu, ó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú mi.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi."

"Dìde, jàre."

"Ẹ kọ́kọ́ dìde, Mà."

Olùkọ́ kejì tí wọ́n jọ ń lo ọ́fíìsì gbójú sókè lórí fóònù rẹ̀. "Una two dey pray?"

Ẹ̀rín pa wá. Orí ilẹ̀ yẹn náà ni mo ti sọ ọ̀rọ̀ olódo fún un. Ó ní, "N ò mọ̀ pé ohun tí mo ń ṣe fún yín nìyẹn."

Ní kíláàsì tó tẹ̀lé e, ó pè mí síwájú. Mo gba ṣọ́ọ̀kì, mo ṣe ìṣirò tó wà lójú pátákó. Mo ṣì í. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé, "Sir, leave Mummy na." Ó nu ìlà kejì, ó ní, "Ibí lẹ ti ṣì í, Mà. Ẹ tún un ṣe." Mo tún un ṣe, ó tún nù ún. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó yẹ̀ ẹ́ wò láti òkè délẹ̀, ó máàkì rẹ̀ pé ó tọ́, ó gba ṣọ́ọ̀kì, ó sì ní kí n lọ jókòó. Kò yìn mí, kò tẹríba. Mo fẹ́ràn ọmọ náà lọ́jọ́ yẹn bí ẹni pé èmi ni mo bí i.