Ìyá Onígéètì Tí Kì Í Dijú Gbàdúrà

Wọ́n ní Ìyá Onígéètì ti fi ìgbàgbọ́ sílẹ̀. Wọ́n ní bí ìjọ bá ń gbàdúrà, ńṣe ló máa ń lajú sílẹ̀ kedere, tí á máa wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó fẹ́ ra ẹran. Akọ̀wé ẹgbẹ́ aládùúrà ló gbé ọ̀rọ̀ náà jáde. Ẹ bá mi bi í o: tójú tiẹ̀ bá wà ní dídì, báwo ló ṣe rí i? Òótọ́ ni pé obìnrin náà kì í dijú. Èyí tó kù, irọ́ ni. Ògiri kan ṣoṣo ló pín yàrá èmi àti ẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ti géètì níbi tí ojú irin ti dábùú títì. Ilé pákó kékeré kan ló ń jókòó sí: àga kan, àsíá pupa kan, ike omi àti Bíbélì. Rélùwéè méjì ló ń kọjá lójúmọ́, ọ̀kan láago mẹ́sàn-án, èkejì láago kan. Ó mọ àkókò wọn bí ìyá ṣe ń mọ ìgbà tébi máa pa ọmọ rẹ̀. Àárín méjèèjì ló sọ di àkókò àdúrà. Á kúnlẹ̀ ti àga, á dijú pinpin, á sì gbohùn sókè.

Lọ́jọ́ kan, nǹkan bí aago mọ́kànlá, ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kóun wà lójúfò nígbà tí Olúwa bá dé. Bó ṣe ní kóun ṣe àmín, ilẹ̀ ń mì. Orí rélùwéè kan ṣoṣo, tí kò sí lára méjì tó mọ̀ yẹn, tí wọ́n ń wà lọ tún ṣe, ló ń kọjá lọ, géètì sì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Fèrè rẹ̀ ti dún o, ohùn ara rẹ̀ ni kò jẹ́ kó gbọ́. Lódì kejì, ọkùnrin kan tó ń fi kẹ̀kẹ́ gbé búrẹ́dì dúró gbagidi, táyà iwájú rẹ̀ ò ju ìgbésẹ̀ kan sí irin.

"Ìyá, ẹ kú àdúrà o," lọkùnrin náà wí. "Díẹ̀ ló kù kí n bá àmín yín lọ."

Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, kò fẹjọ́ sùn. Ìyá náà ò sọ fẹ́nì kankan, torí iṣẹ́ ló máa bá a lọ. Ṣùgbọ́n látọjọ́ náà, ìdúró ló fi ń gbàdúrà, pẹ̀lú ojú lílà. Nígbà tó yá, ojú náà ò gbà láti padé mọ́, àní ní ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá.

Ni ẹgbẹ́ bá pè é. Ọdún mẹ́wàá ló ti ń ṣáájú wọn nínú àdúrà. Wọ́n ní kó wí tẹnu ẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kó fi ipò sílẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé alàgbà ìjọ kan tó wà níbi ìpàdé náà, òun gan-an ni ọ̀gá àwọn onígéètì níbi iṣẹ́. Tó bá panu mọ́, ipò lọ. Tó bá sọ̀rọ̀, iṣẹ́ lọ.

"Mọ̀mí, kí lẹ máa ń wò lára wa?" akọ̀wé bi í. "Ṣé a jọ ẹran títà ni?"

Ìyá fẹ́ sọ pé ojú ló ń dun òun. Wọ́n á gbà á gbọ́, ó ṣáà ń lo awò. Irọ́ náà ti dórí ahọ́n. Ó wá rò ó pé bí Olúwa bá dé nísinsìnyí, ṣé irọ́ yìí ló máa bá lẹ́nu òun? Ló bá tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, látorí àdúrà dórí oníbúrẹ́dì.

Alàgbà ní, "Ìyá, ẹ ṣé tẹ́ ẹ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mi ò lè ṣe bí ẹni tí ò gbọ́."

Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, wọ́n ti mú un kúrò nídìí géètì, ó di ẹni tó ń gbálẹ̀ ibùdókọ̀ fóṣù mẹ́ta. Ipò àdúrà ò bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Akọ̀wé fúnra ẹ̀ ló ní kó máa bá a lọ. Oṣù tó kọjá ni wọ́n dá a padà sídìí géètì.

Mo yà kí i níjelòó. Mo sọ ẹrù mi kalẹ̀ sórí irin, mo ní ṣé ọkàn ẹ̀ máa ń pa pọ̀ tójú bá là báyẹn.

"Ó ń pa pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀," ló wí. "Ẹni tó ń retí àlejò, ṣé á máa pariwo débi tí ò fi ní gbọ́ ìlẹ̀kùn? Ọ̀rẹ́ mi, gbé ẹrù ẹ kúrò lórí irin, mo ń gbọ́ nǹkan."