Máàkì Bàbá Pátákó

Kò sí olùkọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í sọ lórúkọ. Ọkùnrin àgbàlagbà kan tó ń kọ́ ìṣirò ní yunifásítì aládàáni, Bàbá Pátákó ni wọ́n ń pè é, torí wọ́n ní pátákó nìkan ló ń kọ́. Ó mọ ìṣirò bí ẹní mowó. Ṣùgbọ́n bó bá ti mú ṣọ́ọ̀kì báyìí, ẹ̀yìn rẹ̀ ni kíláàsì ń rí, ohùn rẹ̀ tó ti ń rẹlẹ̀ á sì máa bá ògiri sọ̀rọ̀. Àwọn tó jókòó lẹ́yìn a máa sùn.

Obìnrin tó jẹ́ olórí ẹ̀ka wọn mọ̀. Òun ló ń yẹ iṣẹ́ àwọn olùkọ́ wò lọ́dọọdún: á jókòó sí kíláàsì wọn, á fún wọn ní máàkì, á sì pe kálukú láti sọ ibi tó kù sí. Kò gba gbẹ̀rẹ́. Àwọn olùkọ́ kéékèèké a máa làágùn bó bá ti wọlé. Ṣùgbọ́n Bàbá Pátákó ló kọ́ òun alára nígbà èwe rẹ̀. Ta ni yóò wá wo ojú irú ẹni bẹ́ẹ̀, kó máa tọ́ka àléébù rẹ̀? Ẹnu rẹ̀ kò gbà á. Máàkì tó ga jù ló ń fún un, á sì kí i kú iṣẹ́. Ó pe èyí ní ọ̀wọ̀; ojo ni, aṣọ ọ̀wọ̀ ló kàn wọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọdún ń gorí ọdún.

Nígbà tó yá, àwọn tó ni yunifásítì ní àwọn ò gba máàkì olórí ẹ̀ka nìkan mọ́. Olùyẹ̀wò kan yóò wá láti ìta, ẹni tí kò bá sì yege, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin náà sọ gbogbo rẹ̀ fún ọkọ rẹ̀. Ọkùnrin náà, tó ń tún fíríìjì ṣe fún àwọn èèyàn, bi í léèrè pé bí ẹ̀rọ bá ń pariwo tí òun sì ń sọ fún ẹni tó ni ín pé kò sí nǹkan kan, ṣé oore lòun ṣe é? Ó ní kó lọ bá bàbá sọ ọ́ kó tó pẹ́ jù.

Ó lọ lóòótọ́. Inú bàbá dùn láti rí i. Ó ní ẹ̀rù olùyẹ̀wò kò ba òun rárá, torí bí iṣẹ́ òun bá mẹ́hẹ, ọmọ tí òun kọ́ ì bá ti sọ fún òun. Obìnrin náà bá béèrè àlàáfíà ìyàwó bàbá, ó ní òun kàn ní kí òun yà kí wọn ni, ó sì jáde.

Olùyẹ̀wò dé, ó jókòó sẹ́yìn kíláàsì. Ó tẹ́tí títí, kò gbọ́ nǹkan kan. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ fún un pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Kò pẹ́ tí àwọn aláṣẹ fi sọ fún bàbá pé sáà ẹ̀kọ́ yìí ni ìkẹyìn rẹ̀.

Bàbá wá sí ọ́fíìsì olórí ẹ̀ka. Kò jókòó.

"Ṣé o mọ̀ pé wọn kì í gbọ́ mi?"

"Mo mọ̀, sà. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ rò pé mo rí yín fín ni."

"Nígbà tó o wà lọ́mọ, bó o bá ṣì í, mo máa ń pè ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, màá sì sọ fún ọ. Mo kà ọ́ sí èèyàn nìyẹn. Kí lo wá kà mí sí?"

Bàbá ò bínú. Ì bá sàn bó bá bínú. Ojú ló ń tì í, bí ẹni tó fi aṣọ tó ya lẹ́yìn rìn já gbogbo ìlú, tí ẹnikẹ́ni ò sì wí.

Obìnrin náà bẹ̀bẹ̀ títí lọ́dọ̀ àwọn aláṣẹ. Ó ní àléébù tó ṣeé tún ṣe ni. Wọ́n ní máàkì tí òun fúnra rẹ̀ ń fún bàbá fi hàn pé kò ní àléébù kankan, èwo wá ni kí àwọn gbà gbọ́? Ó padà sílé pẹ̀lú ẹkún.

Lọ́jọ́ kejì ó wọ kíláàsì bàbá, ó jókòó sẹ́yìn pátápátá. Bàbá kọjú sí pátákó, ó bẹ̀rẹ̀. Obìnrin náà dìde lójú gbogbo akẹ́kọ̀ọ́.

"Sà, a ò gbọ́ yín níbí."

Bàbá yíjú padà, ó wò ó. Ó gbé ṣọ́ọ̀kì kalẹ̀, ó rìn wá sáàárín àwọn àga, ó sì tún ẹ̀kọ́ náà bẹ̀rẹ̀ látòkè. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dún ketekete. Ọmọbìnrin kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ olórí ẹ̀ka rọra sọ fún un pé àṣé bàbá yìí mọ̀ ọ́n kọ́ tó báyìí, ó sì bi í bóyá bàbá ló ṣì máa kọ́ àwọn lọ́dún tó ń bọ̀.