Àkùkọ Funfun Tí Bàbá Mi Gbé Wá sí Máfolúkù

Nígbà tí mo wà ní ọmọdébìnrin tí kò tíì lè gbé garawa omi dé orí, iṣẹ́ àárọ̀ tèmi ni kí n ṣí àgò àwọn adìẹ ìyá mi. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà, ẹ ó rántí òórùn tó máa ń jáde nínú àgò bẹ́ẹ̀: òórùn ìyẹ́, ìgbẹ́, àti èèrí ọkà tó ti kan díẹ̀. Máfolúkù ni a ń gbé, nítòsí pápákọ̀ òfurufú, nínú yàrá kan ṣoṣo tí bàbá mi háyà. Bàálù a máa kọjá lórí òrùlé wa títí páànù yóò fi máa gbọ̀n, ṣùgbọ́n kò sí adìẹ ìyá mi kan tó ń wòkè nítorí bàálù. Àwòdì nìkan ni wọ́n mọ̀ ní ọ̀tá. Bí òjìji rẹ̀ bá ti kan ilẹ̀, àkùkọ pupa kékeré tó jẹ́ ọkọ gbogbo wọn yóò figbe ta, àwọn òròmọdìẹ yóò sì ti wọ abẹ́ àpótí kí a tó ṣẹ́jú.

Láti ìlú ìyá mi, ní ẹ̀gbẹ́ Ìwó, ni ìran àwọn adìẹ náà ti wá, nínú agbọ̀n tí ìyá mi gbé lé ẹsẹ̀ nínú ọkọ̀. Wọn kò tóbi. Ìyá mi ní ìlànà tiwọn. Àgbébọ̀ tó bá fi ẹyin sílẹ̀ kó tó pamọ, kò ní sàba lẹ́ẹ̀kejì. Inú ọbẹ̀ ló ń lọ. Ẹyin èyí tó bá ń jà fún ọmọ rẹ̀ ni ìyá mi ń tọ́jú fún ìsàba. Ọmọ tó bá sì ń lé adìẹ kiri, yóò kúnlẹ̀, yóò nawọ́ sókè, títí ata tí ìyá mi ń lọ̀ yóò fi kúnná. "Ẹran tí a ó pa jẹ, a kì í fi í ṣeré," ni wọ́n máa ń wí. Èmi mọ bí ata ṣe ń pẹ́ tó kó tó kúnná.

Ìgbà náà ni owó epo rọ̀bì dé. Ilé iṣẹ́ tí bàbá mi wà ní Ìsọlọ̀ ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Rédíò ńlá wọ yàrá wa, mílíìkì alágolo di ohun tí a ń dà sínú ẹ̀kọ láìbẹ̀rù. Ohun gbogbo ló gbọ́dọ̀ tóbi. Ní Sátidé kan, bàbá mi gbé àkùkọ àgíríìkì kan dé, funfun báláú, igẹ̀ rẹ̀ dà bí ìrọ̀rí. Gbogbo ilé jáde wá wò ó.

"Ìyá Dúpẹ́," ni bàbá mi wí, "ọkọ tuntun dé fún àwọn adìẹ rẹ. Àkùkọ pupa yẹn, ọbẹ̀ Kérésìmesì ni. Wàá rí i bí àwọn ọmọ wọn yóò ṣe tóbi."

"Bàbá Dúpẹ́, ẹ jẹ́ kí àlejò yín pẹ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ wa kí ẹ tó pọ́n ọ̀bẹ."

Mo sì rí i tí ìyá mi gbé àkùkọ pupa mọ́ra. Bí ó bá kú, ìran adìẹ ilé wọn parí nìyẹn.

Abẹ́ òrùlé ni wọ́n ti tọ́ àkùkọ funfun dàgbà, kò mọ ojú ọ̀run. Bí bàálù bá ń bọ̀, yóò na gbalaja, yóò ki orí bọ eruku. Bí àwòdì bá sì dé, yóò gbójú sókè, yóò máa wò ó bí ẹni ń wo àlejò. Bàbá Kọ́là, télọ̀ tó wà ní yàrá kejì, kò jẹ́ kí bàbá mi sinmi.

"Ẹ̀gbọ́n, àkùkọ yín mà lẹ́kọ̀ọ́ o! Kò sí bàálù tó kọjá tí kò dọ̀bálẹ̀ kí!"

Bàbá mi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò pẹ́. Àkùkọ náà gun ọ̀kan nínú àwọn àgbébọ̀ ìyá mi, ìwúwo rẹ̀ ṣe é léṣe, àgbébọ̀ náà sì tiro fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn èyí ni ẹsẹ̀ àkùkọ fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀. Ẹran ara rẹ̀ ń pọ̀ sí i, ẹsẹ̀ kò lè gbé e. Nígbà tí ọyẹ́ dé, ó ti jókòó pátápátá. Bàbá mi, tí wọn kì í bu omi mu fúnra wọn nínú ilé, ni wọ́n wá ń gbé ife omi sí i lẹ́nu láràárọ̀ kí wọ́n tó lọ sí ibi iṣẹ́.

"Ẹ̀bi rẹ̀ kọ́," ni ìyá mi wí ní àárọ̀ kan. "Èmi náà ń yan adìẹ tí yóò bímọ, Bàbá Dúpẹ́. Ìyá tó lè tọ́mọ ni mò ń yàn. Àwọn tó yan irú èyí, ẹran ni wọ́n ń wá. Wọ́n gbàgbé pé yóò rìn."

Kérésìmesì ṣì kù díẹ̀, láti ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti yẹ̀ ni bàbá mi ti ṣèlérí ẹran ńlá náà fún àwọn ará ibi iṣẹ́ wọn fún ọdún. Bàbá mi bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́ sílẹ̀.

"Gbé ọ̀bẹ wá. A ò ní jẹ́ kó máa jìyà títí di ọjọ́ ọdún. Pupa yẹn, kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ."

Wọ́n yára pa á, wọn kò sì jẹ́ kí ọmọ kankan pariwo níbẹ̀. N kò ní purọ́ fún yín: ẹran náà rọ̀, ó dùn, mo sì fa egungun rẹ̀ mu. Ní Kérésìmesì, ẹja ni a fi jẹ ìrẹsì, àkùkọ pupa sì kọ lójú wa láàárọ̀ ọjọ́ náà bí onílé.

Lónìí, ẹ̀bá títì Àgọ́ Palace ni mò ń gbé. Adìẹ inú yìnyín ni àwọn ọmọ wa mọ̀; wọ́n ń rí itan, wọn kì í rí ìrìn. N kò bú ayé òde òní, nítorí ẹran tí ọ̀pọ̀ wa ń dúró de ọdún kí á tó rí ti di ohun ojoojúmọ́. Ní kíláàsì alẹ́ lórí ọ̀sìn ẹran tí mò ń lọ, olùkọ́ wa bi wá bóyá ó tọ́ kí ènìyàn máa yan irú ẹran tí yóò bímọ. Mo ronú dáadáa kí n tó nawọ́. Mo ní ó tọ́, bí ohun tí a yàn bá ṣe ẹran náà láǹfààní pẹ̀lú, tí kì í ṣe ìkòkò ọbẹ̀ wa nìkan.

Mo ń sin adìẹ díẹ̀ lẹ́yìn ilé. Láìpẹ́ yìí, aládùúgbò mi kan gbé àkùkọ ńlá kan wá, ó ní kó wá bá àwọn adìẹ mi bímọ. Ẹyẹ náà lẹ́wà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì ní kó kọ́kọ́ gbé e sílẹ̀ kí n wo ìrìn rẹ̀.