Áńpù Tí Délé Fi Sílẹ̀

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé áńpù jìtá ọmọ mi lọ sọ́dọ̀ alátùn-únṣe kan ní àdúgbò Bolori, ní àríwá níbí. Ó yí àpótí náà síwá sẹ́yìn, ó ní wọ́n ti lẹ inú rẹ̀ pa, kí n lọ ra tuntun. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀, òórùn òjé tó ń yọ́ lórí tábìlì rẹ̀ gbé mi padà sí báráàkì tí mo dàgbà sí.

Délé, ọmọ sájẹ́ńtì tí ògiri ilé wọn kan tiwa, ni ọ̀rẹ́ mi. Hausa la fi ń ṣeré, òun la fi ń jà. Ìgbà tí àwọn ìyá wa bá ń bá wa wí nìkan la máa ń gbọ́ Yorùbá dáadáa. Bàbá rẹ̀ ra jìtá fún un, pẹ̀lú áńpù olówó pọ́ọ́kú kan tó ń gbé ohùn rẹ̀ sókè. Bí àìsàn áńpù náà bá ti dé sí i, á máa kùn bíi màlúù ọjà ẹran Kasuwan Shanu tí ọ̀fìnkìn ń dà láàmú. A ó gbé e lọ bá Alhaji, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń tún rédíò ṣe ní Lamisula. Wọ́n á tú ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n á fi òjé so wáyà tó já, wọ́n á ní, "To, ẹ máa lọ pariwo yín." Áńpù yẹn ń bàjẹ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ń gbà fún àtúnṣe.

Nígbà tó yá, iṣẹ́ gbé bàbá Délé lọ sí ìlú mìíràn. Ẹrù kún ọkọ̀. Délé gbé jìtá lé itan, kò sí àyè fún áńpù.

"Bá mi tọ́jú ẹ̀," ló wí. "Màá wá gbé e."

Èmi ò ní jìtá. Mo kàn máa ń tan áńpù náà, kí n jókòó tì í, kí n máa gbọ́ bó ṣe ń kùn. Nígbà tí ìyẹn náà dákẹ́, èmi nìkan ni mo gbé e lọ sí Lamisula.

"Ina abokinka?" Alhaji béèrè ọ̀rẹ́ mi.

"Wọ́n ti kó lọ, Alhaji."

Wọ́n tún un ṣe.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, màámi bá mi níwájú áńpù náà.

"Kí lò ń gbọ́?"

"Kò sí nǹkan kan, mà."

Mo rò pé wọ́n á ní kí n pa á. Wọ́n jókòó tì mí lórí ẹní. Ìgbà yẹn ni mo tó rántí pé ìyá Délé nìkan ni màámi náà ń bá sọ èdè Ìjẹ̀ṣà nínú báráàkì.

Délé kò padà wá. Àpò fóònù ni wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù Alhaji báyìí. Áńpù ìsinsìnyí kì í tètè bàjẹ́, ṣùgbọ́n bó bá ti dákẹ́, ó dákẹ́ nìyẹn. Ohun tí kò yí padà ni pé bí ìdílé kan bá kó kúrò níbí, ẹni tó ṣẹ́ kù ló ń gbọ́ bí ògiri ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣe dákẹ́ tó.