Ìdọ̀bálẹ̀ Tí Mo Ṣe fún Ọba Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Wythenshawe

Òórùn rọ́ọ̀bù ni mo fi ń rántí àárọ̀ ọjọ́ náà. Màmá mi ti fi pa mí nímú, ó fi pa mí láyà, ó tún fi díẹ̀ sẹ́yìn etí mi, nítorí òtútù Wythenshawe kì í ṣe òtútù tí èèyàn ń bá ṣeré. Búrẹ́dì ti jóná díẹ̀ lórí iná. Òjò ń ṣe wínníwínní lójú fèrèsé. Bàbá mi dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń de táì rẹ̀. Ọkùnrin kan láti káńsù, ìjọba ìbílẹ̀ wa, ń bọ̀ wá wò mí ní ilé-ìwé lọ́jọ́ náà. Bí kò bá rí nǹkan gidi lára mi, wọ́n á yọ mí kúrò láàárín ẹgbẹ́ mi, bọ́ọ̀sì funfun kékeré kan á sì máa wá gbé mi láràárọ̀ lọ sí ilé-ìwé àwọn ọmọ tí wọ́n ní orí wọn ò gba ẹ̀kọ́. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà náà.

Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ní Manchester láyé ìgbà yẹn, ẹ mọ̀ mí. Ẹ mọ̀ pé kò sí ọmọ Nàìjíríà tó lè sáré bíi tèmi, kò sì sí ẹni tó lè pe orúkọ gbogbo ibi tí bọ́ọ̀sì ti ń dúró láti Wythenshawe dé Rusholme láìṣi ọ̀kan. Èmi lè pè é lọ, kí n pè é bọ̀. Ìwé nìkan ló ń bá mi jà. Lẹ́tà á tò síwájú mi bí èèrà, bí mo bá ti fẹ́ mú ọ̀kan, gbogbo wọn á tú ká. Bàbá mi sì rèé, apoògùn, ọkùnrin tó ń ka ìwé nídìí oúnjẹ. Ó máa ń bi màmá mi pé, “Ojú wo ni mo fẹ́ fi wo àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì bí wọ́n bá gbé ọmọ yìí lọ síbẹ̀?” Nọ́ọ̀sì ni màmá mi. Èmi ló máa yíjú sí: “Má bínú sí ìwé o, Káyọ̀dé. Ìwé ò bínú sí ẹ.”

Nǹkan mìíràn tún wà tó ń dà mí láàmú, àwọn tíṣà ò sì mọ̀ ọ́n. Nílé wa, bí àgbà bá ń bá ọ wí, ilẹ̀ ni wàá máa wò. Bí mo bá gbé ojú sókè báyìí, bàbá mi á ní, “Ṣé èmi lò ń wò yẹn?” Nítorí náà, bí tíṣà bá bi mí ní ìbéèrè ní ilé-ìwé, ilẹ̀ ni mò ń wò. Wọ́n ní n ò gbọ́. Wọ́n ní n ò sí níbẹ̀. Ẹnìkan nínú wọn sọ fún màmá mi pé bóyá mo nílò awò ojú.

Bí wọ́n ṣe gbé mi lọ sí yàrá Miss Hartley nìyẹn, yàrá kékeré lẹ́yìn ilé ìjẹun, níbi tí òórùn kábéèjì bíbọ̀ ti máa ń bá wa láti aago mẹ́wàá. Àwa ọmọ díẹ̀ tí ìwé ń bá jà la wà níbẹ̀. Darren wà níbẹ̀, ọmọ òyìnbó tí imú rẹ̀ kì í gbẹ. Imran náà wà níbẹ̀, tí bàbá rẹ̀ ń se oúnjẹ ní ilé oúnjẹ kan ní Rusholme. Miss Hartley ga, ó tín-ínrín, ẹfun ìkọ̀wé máa ń kún ara súwẹ́tà rẹ̀. Kay ló gé orúkọ mi kù sí. Ìtàn ló ń kọ́ wa, ìtàn bí Amẹ́ríkà ṣe bẹ̀rẹ̀. Ó ní ìtàn kì í ṣe ti àwọn tó bá yára kàwé nìkan.

Ẹ wá wo bó ṣe kọ́ wa. Kò fún wa níwèé. Ó kúnlẹ̀, ó fi ẹfun ya òkun sórí ilẹ̀, ó ya ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí apá kan, ó ya Amẹ́ríkà sí apá kejì. Ilẹ̀ gan-an ni ojú mi sì wà tẹ́lẹ̀! Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè ní ilé-ìwé yẹn, tí mo dáhùn bí ẹni ń mumi, torí n ò nílò láti wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó to àga pọ̀ bí ọkọ̀ ojú omi, ó fún wa ní bisikíìtì líle bí òkúta, ó ní ká há ara wa mọ́ inú rẹ̀ títí agogo á fi lù, ká lè mọ bó ṣe rí lára àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó sọdá òkun lọ tẹ̀dó sí Amẹ́ríkà. Nígbà tó kan òtútù ọdún àkọ́kọ́ wọn, tó pa ọ̀pọ̀ nínú wọn, ó pa iná ìmúlé-gbóná, ó ṣí fèrèsé. Darren ní, “Miss, ṣé a máa kú bíi tiwọn ni?” Nígbà tó kan àwọn onílẹ̀ tí wọ́n bá níbẹ̀, tó kọ́ wọn ní àgbàdo gbígbìn, màmá mi ló fún wa lágbàdo. A gbìn ín sínú ike yógọ́ọ̀tì, tèmi ló kọ́kọ́ hù. Mo bi Miss Hartley pé kí làwọn àlejò náà wá fi san oore yẹn. Ó ní, “Wọ́n gba ilẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́, Kay.” Kò bò ó mọ́lẹ̀ fún wa. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ìyẹn.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, ọkùnrin káńsù náà jókòó sí kọ̀rọ̀ pẹ̀lú bírò rẹ̀. Ìtàn ti dé ibi tí ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń gba owó orí lórí tíì lọ́wọ́ àwọn tó wà lókè òkun lọ́hùn-ún. Darren ni ọba. Ó dé adé tí a fi páálí ṣe, ó gun orí tábìlì. Èmi ni aṣojú àwọn ará Amẹ́ríkà. Miss Hartley ní, “Ó yá, Kay, lọ sọ fún ọba pé ẹ ò san.” Ohun tí gbogbo èèyàn ń retí ni kí n pariwo, kí n da àpótí tíì nù bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe da ti ọba sínú òkun.

Àmọ́ mo rí adé. Mo rí ọba lórí ìtẹ́. Kí n tó mọ̀, mo ti na gbalaja, àyà mi kan ilẹ̀, ọwọ́ méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìdọ̀bálẹ̀ tó mọ́ bẹ́ẹ̀, n kì í fọ́nnu, n ò tíì rí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti ìgbà náà. Mo ní, “Kábíyèsí, ẹ dákun, ẹ fojú àánú wò wá.”

Yàrá hó. Imran fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí àga. Darren bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ látorí tábìlì, ó ní, “Dìde jàre, ìwọ náà! Èmi mà ni!” Mo gbọ́ tí bírò ọkùnrin káńsù ń lọ lórí ìwé. Mo ti rí bọ́ọ̀sì funfun yẹn lẹ́nu ọ̀nà wa, mo ti rí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń yọjú lójú fèrèsé.

Ọkùnrin káńsù bi mí pé, “Ọmọkùnrin, wọ́n ní kí o kọ̀ fún ọba. Kí ló dé tí o fi sùn sílẹ̀?”

Orí ilẹ̀ níbẹ̀ ni mo ti dá a lóhùn. Mo ní, “Sà, bíi bàbá wọn lọba jẹ́. Èèyàn kì í dédé bá bàbá rẹ̀ jà. Wàá kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́. Bí o bá bẹ̀ ẹ́ tí kò gbọ́, tí ìjà wá dé, kò sẹ́ni tó máa dá ọ lẹ́bi.”

Miss Hartley yọ awò ojú rẹ̀. Ó ní, “Ohun tí wọ́n ṣe gan-an nìyẹn. Kí wọ́n tó kéde pé àwọn kúrò lábẹ́ ọba, wọ́n kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ sí i. Ọba ò gbà á. N kò tíì kọ́ wọn débẹ̀ rárá.”

Ọkùnrin káńsù fi bírò rẹ̀ sápò. Ẹ ò ní gbàgbọ́, ó bọ́ kóòtù, ó wá kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní kí n fi ọ̀nà tí wọ́n gbà dé Amẹ́ríkà hàn òun lórí àwòrán ẹfun náà. Mo fi ìka tọ̀ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀: ọkọ̀, òtútù, àgbàdo, ilẹ̀ tí wọ́n gbà, tíì, ọba. Mo sọ ọ́ bí mo ṣe ń pe orúkọ ibi tí bọ́ọ̀sì ti ń dúró. Nígbà tó dìde, ẹfun funfun báláú ní orúnkún ṣòkòtò rẹ̀. Ó sọ fún Miss Hartley pé ọmọ yìí ò lọ síbì kankan.

Lálẹ́, bàbá mi ní kí n ṣe bí mo ṣe ṣe é, kí òun rí i. Mo dọ̀bálẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì. Ó ní, “Fún Darren? Darren onímú yẹn?” Mo ní, “Fún ọba ni, sà.” Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, màmá mi sì ń nu ojú.

N ò gba ìwé-ẹ̀rí kankan, kí n má parọ́. Mo kúrò nílé-ìwé, mo bọ́ sí iṣẹ́ ní ẹ̀pọ́ọ̀tù, èmi sì ni ọ̀gá àwọn tó ń nu ilẹ̀ níbẹ̀ báyìí. Ẹni tó bá balẹ̀ láti Amẹ́ríkà, ilẹ̀ tí mo mú dán ló máa kọ́kọ́ tẹ̀. Mo máa ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń kọjá, mo máa ń sọ lọ́kàn mi pé mo mọ ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ọmọbìnrin mi tó kéré jù, Tèmi, lẹ́tà ń tú ká lójú òun náà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó gbé iṣẹ́ ilé-ìwé lórí bí Amẹ́ríkà ṣe bẹ̀rẹ̀ dé, ó ń sunkún lé e lórí. Mo mú ẹfun, mo kúnlẹ̀ sílẹ̀ kíṣìnì, mo ya òkun. Ìyàwó mi ń pariwo pé, “Bàbá Tèmi, ilẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nù!” Mo ti ń ya Amẹ́ríkà. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ ọba, mo gun orí àga, mo fi abọ́ dórí bí adé. Tèmi kúnlẹ̀ bẹ̀ mí nítorí owó orí tíì. Mo ní n ò gbọ́. Ó gbé ojú sókè, ó wò mí tààrà, kò ṣẹ́jú, ó ní, “Ó dáa nígbà náà, Dádì. Mo ti bẹ̀ yín o.”

Ọmọ tí mo jẹ́ nínú yàrá Miss Hartley ò lè wo ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀ láyé. Mo ṣí abọ́ lórí, mo jẹ́ kó máa wò mí.