Orin Tí Wọ́n Fi Ṣọ̀fọ̀ Alààyè

Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìfọṣọ ọsibítù ńlá náà kì í pe obìnrin yìí ní orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Àǹtí Gìtá ni wọ́n ń pè é, nítorí pé bí ẹ̀rọ ìfọṣọ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í hó, tó ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú, ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn létí tábìlì, á máa tẹ okùn tí ẹnikẹ́ni kò rí. Láàárín ọ̀sẹ̀, aṣọ ìbùsùn àwọn aláìsàn ló ń ká. Tó bá di Sátidé, á gbé gìtá kọ́ èjìká, á lọ kọrin níbi ìgbéyàwó tàbí níbi ìsìnkú, àwọn èèyàn á máa jẹun, wọ́n á sì máa sọ̀rọ̀ lé e lórí. Kì í bínú sí wọn. Ó ti pẹ́ tó ti mọ̀ pé ẹni tó ń kọrin níbi àsè kì í bá ẹran du etí èèyàn.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nínú rẹ̀ tí kò ṣeé gbé mì, tí kò sì ṣeé tu dànù.

Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, òun àti ọmọbìnrin kan ni wọ́n jọ ń kọrin káàkiri ilé ọtí àti gbọ̀ngàn. Wọn kì í ṣe ọmọ ìyá, ṣùgbọ́n orí ẹní kan ni wọ́n ń sùn, bàtà kan náà ni wọ́n sì ń gbà wọ̀ fúnra wọn. Àǹtí Gìtá ló kọ́ ọmọ náà bí wọ́n ṣe ń mí láàárín orin, òun ló kọ́ ọ bí èèyàn ṣe ń dúró níwájú èrò tí orúnkún kò fi ní máa lu ara wọn. Lọ́dún tí ìyá Àǹtí Gìtá dùbúlẹ̀ àìsàn tí kò dìde mọ́, ó jókòó síbi ẹsẹ̀ ibùsùn ìyá rẹ̀ pẹ̀lú gìtá lórí itan, ó sì fi ẹkún hun orin kan:

*Omi tó dànù, ilẹ̀ ti mu ún,*
*Kí lo tún ń gbé igbá bọ̀ wá ṣe?*

Kò sẹ́ni tó gbọ́ orin náà tí ara rẹ̀ kì í rọ̀. Ọkùnrin kan tó ń ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù gbọ́ ọ, ó ní kí àwọn méjèèjì wá kọ ọ́ sórí rẹ́kọ́ọ̀dù lọ́dọ̀ òun. Àṣé ọlọ́jọ́ ń ka ọjọ́. Oyún wà nínú Àǹtí Gìtá nígbà náà, dókítà sì ti kìlọ̀ pé bó bá dìde lórí ibùsùn, oyún náà lè bọ́. Ọmọbìnrin tí wọ́n jọ ń kọrin, tó ń pè é ní ẹ̀gbọ́n, wá kúnlẹ̀ tì í.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n lọ ṣojú àwa méjèèjì."

Ó lọ lóòótọ́. Nígbà tí rẹ́kọ́ọ̀dù jáde, àwòrán èèyàn kan ṣoṣo ló wà lára rẹ̀, orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ló sì wà lábẹ́ orin náà. Láti ìgbà yẹn ni ayé ti ń pe ọmọ ọ̀hún ní Ohùn-Oyin. Kò tún ya ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́, ì báà ṣe láti wá kí ìyá ìkókó.

Ìkókó náà dàgbà, ó di nọ́ọ̀sì. Òun ló wà nílé lọ́jọ́ tí ọ̀dọ́bìnrin kan tẹ ìyá rẹ̀ láago, tó ní òun wà lára àwọn tó ń ṣètò àjọ̀dún orin tí wọ́n máa ń ṣe ní pápá nígbà ooru. Ó ní òun ti gbọ́ Àǹtí Gìtá níbi ìsìnkú kan, ohùn rẹ̀ kò sì kúrò létí òun.

"A fẹ́ kí ẹ wá kọrin fún wa, mà."

"Èmi?"

"Ẹ̀yin ni o, mà."

Ọ̀sẹ̀ yẹn, Àǹtí Gìtá pààrọ̀ gbogbo okùn gìtá rẹ̀. Ó rán aṣọ aláwọ̀ sánmà. Lẹ́yìn náà ni ó wá gbọ́ lórí rédíò pé Ohùn-Oyin ni yóò kọrin kẹ́yìn lórí ìtàgé ńlá.

Ọmọ rẹ̀ yíjú sí i. "Màámi, ṣé ẹ ṣì fẹ́ lọ?"

"Kí ló dé tí mi ò ní lọ? Ṣé òun ló ni pápá ni?"

Oòrùn ọjọ́ náà kò mọ àgbà yàtọ̀ sí ọmọdé. Koríko pápá ti gbẹ, àwọn èèyàn sì nà gbalaja lórí aṣọ lábẹ́ agboòrùn bí ẹja tí wọ́n sá. Wọ́n fi káàdì olórin kọ́ Àǹtí Gìtá lọ́rùn, wọ́n ní kó máa tẹ̀ lé àwọn. Wọ́n kọjá ìtàgé ńlá. Wọ́n kọjá ìtàgé kejì. Wọ́n rìn títí wọ́n fi dé eteetí pápá, níbi tí wọ́n ti to pákó díẹ̀ jọ, tí ó kọjú sí àwọn ilé ìtọ̀ oníke.

"Ṣé ibí ni?"

"Ibí ni, mà," ni ọkùnrin tó ń bójú tó ẹ̀rọ ohùn dáhùn. "Èrò máa ń pọ̀ níbí gan-an."

Kò purọ́. Ìlà ilé ìtọ̀ gùn bí ọ̀nà oko. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìtọ̀ ń gbọ̀n, kí ni yóò fi orin ṣe? Ó bẹ̀rẹ̀. Ooru ń tú okùn gìtá, ohùn rẹ̀ ń sá sílẹ̀, kò sì sí orin tó parí tí kò ní tún okùn fà kó tó mú òmíràn. Síbẹ̀ kò pẹ́ tí ọkùnrin kan fi ipò rẹ̀ sílẹ̀ lórí ìlà, ó wá dúró síwájú ìtàgé. Obìnrin kan tó ti tọ̀ tán kò lọ mọ́, ó jókòó sílẹ̀, ó gbé ọmọ rẹ̀ lé ẹsẹ̀. Inú Àǹtí Gìtá dùn. Inú dídùn yẹn ló tì í dénú orin tí kò ní lọ́kàn láti kọ. Kó tó mọ̀, ẹnu rẹ̀ ti wà lórí omi tó dànù.

Ọmọbìnrin kan tó fi awò dúdú sójú na ìka sí i láti orí ìlà. "Ẹ gbọ́, orin Ohùn-Oyin nìyẹn! Ẹ gbìyànjú o, màmá. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ tiẹ̀."

Kò tíì dé ẹsẹ kejì tí ìlù fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún gbì, gbì, gbì láti orí ìtàgé ńlá. Ọkùnrin ẹ̀rọ ohùn juwọ́ sí i pé kó dákẹ́.

"Ẹ má bínú, mà. Wọ́n fẹ́ dán ẹ̀rọ Ohùn-Oyin wò. Wọ́n ní kí gbogbo ìtàgé kéékèèké sinmi."

"Jẹ́ kí n parí eléyìí."

"Wọ́n ti pa á láti ọ̀hún, mà."

Ó sọ̀rọ̀ sínú maikirofóònù. Kò dún. Ó sọ gìtá kalẹ̀ lọ́rùn.

Ọmọ rẹ̀ ní kí àwọn máa lọ sílé. Ìyá ní rárá, òun fẹ́ gbọ́ bí àbúrò òun ṣe ń kọ ọ́ báyìí. Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, Ohùn-Oyin jáde nínú aṣọ tó ń kọ mànà, gbogbo pápá sì hó yèè. Ó kọrin, ó jó. Nígbà tó yá, ó gbọ́wọ́ sókè, àwọn onílù dáwọ́ dúró.

"Orin tó kàn yìí," ló wí, omi sì lé ròrò sí i lójú, "ẹ̀gbọ́n mi kan ló fi í sílẹ̀ fún mi kó tó jáde láyé. Ọwọ́ mi ló kú sí. Ó ní, 'Àbúrò mi, má jẹ́ kí orin yìí kú.' Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dìde dúró fún un."

Gbogbo pápá dìde. Wọ́n dákẹ́ lọ gbári. Àwọn ọkùnrin ṣí fìlà. Àǹtí Gìtá dúró láàárín wọn, ó ń bá wọn ṣọ̀fọ̀ ara rẹ̀. Obìnrin kan tí kò mọ̀ rí di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń nu ojú.

"Ó mà ṣe o. Irú èèyàn bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó kú."

"Kò yẹ kó kú," ni Àǹtí Gìtá dáhùn.

Ọmọ rẹ̀ ti la ẹnu láti pariwo. Ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu.

Káàdì ọrùn rẹ̀ ló mú un wọ ẹ̀yìn ìtàgé. Ó bá Ohùn-Oyin nínú àgọ́ kan, tó ti ẹsẹ̀ méjèèjì bọ omi tútù nínú bàsíà. Nígbà tó gbójú sókè, ojú rẹ̀ ṣú.

"Ẹ̀gbọ́n mi."

"Àìsàn wo ló pa mí?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra sọ̀rọ̀."

"Mo ní àìsàn wo ló pa mí? Ó yẹ kí n mọ̀."

Ohùn-Oyin mi kanlẹ̀. "Wọ́n bi mí léèrè lọ́jọ́ kan ibi tí mo ti rí orin náà. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Ó bọ́ lẹ́nu mi ni. Nígbà tí mo rí bí wọ́n ṣe ń sunkún, mi ò lè kó o padà mọ́. Mò ń bọlá fún yín káàkiri ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"O ń sin mí káàkiri ni. Ìlú wo ni o kò tíì sin mí sí?"

"Kí ni ẹ wá fẹ́ kí n sọ fún wọn? Pé ẹ ti jí dìde?"

Kí Àǹtí Gìtá tó fèsì, ọkùnrin tó ń ṣètò ìrìnàjò Ohùn-Oyin yọrí wọlé, ó ní àwọn oníròyìn ti ń dúró. Ó wo ìyá náà láti òkè délẹ̀. "Ta nìyí?"

Ohùn-Oyin wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ọ̀kan lára àwọn tó fẹ́ràn orin mi ni. Bá mi fún wọn ní fọ́tò kan."

Ọkùnrin náà na fọ́tò sí i. Ó dán, wọ́n ti buwọ́ lù ú tẹ́lẹ̀.

"Òkú kì í gba fọ́tò," ni Àǹtí Gìtá wí. Ó yí padà, ó jáde.

Nínú mọ́tò, ọmọ rẹ̀ ló ń sunkún, òun kò sun ún. Ọmọ náà kò jẹ́ kó tán síbẹ̀. Ó kọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó fi àwòrán ìyá rẹ̀ àti Ohùn-Oyin nígbà èwe sí i. Èsì wọlé bí òjò. Ìlara ni, àwọn kan wí. Ṣé ó fẹ́ jẹ nínú ọlá ọlọ́lá ni? Ẹnì kan ní kí wọ́n jẹ́ kí òkú sinmi. Ọmọ náà pa á rẹ́, kò sì sọ fún ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá ti kà á.

Àǹtí Gìtá ṣì ń lọ kọrin ní Sátidé. Bí wọ́n bá ní kó bá àwọn kọ orin Omi Tó Dànù, á ní òun kò mọ̀ ọ́n. Inú rẹ̀ kò yọ́ sí àbúrò rẹ̀, kò sì díbọ́n pé ó yọ́. Pásítọ̀ bá a sọ̀rọ̀ ìdáríjì, ó ní òun gbọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nílé ìfọṣọ, obìnrin tí wọ́n jọ ń ká aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin náà ní ohùn jẹ́jẹ́. Ó ti wo àjọ̀dún náà lórí tẹlifíṣọ̀n.

"Àǹtí Gìtá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn orin, ṣé ẹ mọ̀ pé ẹni tó ni orin yìí ti kú? Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn, àfi bíi pé ìyá mi ni."

"Kí ló pa á?"

"Wọ́n ní ọ̀fun ni. Wọ́n ní ohùn rẹ̀ kọ́kọ́ lọ, kí òun fúnra rẹ̀ tó tẹ̀ lé e."

Àǹtí Gìtá bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di etí tábìlì mú, títí èkejì rẹ̀ fi ń wò ó tìfuratìfura. Nígbà tó dákẹ́, ó nu ojú, ó fa aṣọ ìbùsùn tútù kan yọ nínú agbọ̀n.

"Di etí ọ̀hún mú," ló wí. "Ká jọ nà án."